Géèmù tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń fà: èwo nínú mẹ́rin yìí ló tó kí ẹ náwó àti sùúrù lé lórí?

Lójú ọ̀nà Táíwò ní Ìlọrin, níbi tí mo ti ra CD géèmù Red Dead Redemption 2, ọmọkùnrin tó tà á fún mi kò tíì ka owó rẹ̀ tán tó fi sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e padà wá lọ́la o. Wọ́n máa ń rà á ní Sátidé, tó bá di Mọ́ńdè, wọ́n á ní kò dùn, kí n fi ti bọ́ọ̀lù pààrọ̀ ẹ̀ fún wọn." Lálẹ́ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn wákàtí méjì tí mo ti ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú yìnyín, ohun tó sọ yé mi. Ní báyìí tí mo ti gbá a tán, ó ń dùn mí pé àwọn èèyàn ń dá a padà ní Mọ́ńdè.

Ilé mi ní Tánkẹ́ kì í ṣófo ní òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ Yunifásítì máa ń yà wá gbá géèmù, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì máa ń bi mí kí wọ́n tó náwó: ṣé ó máa tó dùn, ìgbà wo ló máa dùn? Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí iná ń dé ilé rẹ̀ fún wákàtí méjì mẹ́ta lóòjọ́, géèmù tó ní òun fẹ́ wákàtí mẹ́wàá kí òun tó ṣílẹ̀kùn, odindi ọ̀sẹ̀ kan ló ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo kó mẹ́rin tí mo sábà ń gbọ́ pé ó ń sú èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: Red Dead Redemption 2, Death Stranding, The Witcher 3 àti Persona 5 Royal. Orí ẹ̀rọ géèmù PS4 tòkunbọ̀ kan náà ni mo ti gbá gbogbo wọn. N kò fi gígùn ìbẹ̀rẹ̀ wọn díwọ̀n wọn. Ohun tí mò ń wò ni bóyá ìbẹ̀rẹ̀ náà ń kọ́ ọwọ́ níṣẹ́. Ọmọ tó lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀, tí ọ̀gá ní kó máa lọ aṣọ, kó máa gán bọ́tìnnì fún oṣù mẹ́ta, iṣẹ́ ló ń kọ́ ná. Èyí tí wọ́n kàn ń rán níṣẹ́ omi àti búrẹ́dì, ọjọ́ rẹ̀ ló ń ṣòfò. Oríṣi méjèèjì ló wà nínú géèmù.

Red Dead Redemption 2

Ilé iṣẹ́ Rockstar ló ṣe é, ó jáde lọ́jọ́ 26 oṣù kẹwàá 2018. Amẹ́ríkà ọdún 1899 ni ìtàn rẹ̀. Arthur Morgan lẹ máa jẹ́, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ adigunjalè tí Dutch van der Linde ń ṣe olórí rẹ̀. Olè jíjà kan dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́ nílùú Blackwater, ni wọ́n bá sá gorí òkè tí yìnyín bò.

Ibẹ̀ ló ti ń sú èèyàn. Ẹṣin ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ nínú yìnyín. Ẹ wọ ilé kan láti wá oúnjẹ, Arthur á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, á na ọwọ́, á mú agolo kan, á tì í bọ àpò. Ẹ tẹ bọ́tìnnì fún agolo kejì, á tún bẹ̀rẹ̀ látorí ọwọ́ nínà. Àbúrò mi tó ń kàwé ní Ọ̀fà dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ó ti há ni?" Kò há o. Bó ṣe rí nìyẹn títí dópin.

Orí kìíní yìí gbà mí tó wákàtí mẹ́ta. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà sọ̀kalẹ̀ wá sí Horseshoe Overlook, koríko yọ, oòrùn ràn, gbogbo ilẹ̀ náà sì ṣí sílẹ̀: ọdẹ, ẹja pípa, káàdì títa, ẹ̀yin lẹ máa yàn. Àmọ́ ẹ kò ní fi ìkánjú sílẹ̀ lórí òkè yìnyín kí ẹ tún gbé e dání bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ máa fọ ẹṣin, ẹ máa fún un lóúnjẹ, ẹ máa fi òróró nu ìbọn kó má baà dógùn-ún. Bí ẹ bá pa àgbọ̀nrín, ẹ máa dúró wo Arthur títí tó fi máa bó awọ rẹ̀ tán.

Mo ní ẹṣin kan tí mo ti ń tọ́jú fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo sáré jù níbi àpáta kan lóru, a jọ ṣubú, ó ń jà ràpàràpà nílẹ̀, oògùn tí wọ́n fi ń jí ẹṣin kò sì sí lápò mi. Ó kú. Mo tú gàárì kúrò lára rẹ̀, mo gbé e lé èjìká, mo fi ẹsẹ̀ rìn padà sí ibùdó. Ìrìn náà pẹ́, n kò sì fẹ́ kó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní géèmù yìí ti ń sáré látìbẹ̀rẹ̀ ni, ọkọ̀ lásán ni ẹṣin yẹn ì bá jẹ́ lójú mi. Ohun tí wọ́n fi wákàtí mẹ́ta kọ́ yín nìyẹn, ó sì tó bẹ́ẹ̀ lójú mi.

Àléébù kan wà tó kan àwa tí iná wa kò dúró. Bí ẹ bá wà lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n rán yín, ẹ kò lè fi ibi tí ẹ dé pamọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ rírán ló kún orí kìíní. Iná lọ mọ́ mi lójú lẹ́ẹ̀mejì nínú iṣẹ́ kan náà, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látòkè. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ tí ẹ kò bá ní ìdánilójú wákàtí mẹ́ta tó ṣe gúnmọ́.

Death Stranding

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, òun náà sì ni mo máa ń kìlọ̀ lé lórí jù. Hideo Kojima àti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé e jáde lọ́jọ́ 8 oṣù kọkànlá 2019. Ẹni tí ẹ máa jẹ́ ń jẹ́ Sam Porter Bridges, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó ru ẹrù láti ibùdó kan dé òmíràn nínú Amẹ́ríkà tó ti fọ́. Alábàárù ni.

Ẹni tó bá ti tẹjú mọ́ àwọn alábàárù ọjà Ìpàtà rí kò ní fi géèmù yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin náà á ṣu òṣùká rẹ̀ kó le, á ní kí wọ́n bá òun gbé ẹrù náà rù, kò sì ní gbéra títí ọrùn rẹ̀ á fi gbà á. Tó bá dé ibi gọ́tà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ wá ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Kò bojú wolẹ̀ rárá. Bí Sam ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bí ẹrù bá ti ga lẹ́yìn rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Bọ́tìnnì L2 ni ẹ fi ń dì í mú lápá òsì, R2 lápá ọ̀tún. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ máa di méjèèjì mú pọ̀, ẹ máa rọra. Ẹ gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, ó ti ṣubú, àpótí ti fọ́n ká, odò ti ń gbé díẹ̀ lọ. Bàtà ń gbó. Òjò inú rẹ̀ ń sọ ohun tó bá bà lé di ògbó, ó sì ń jẹ àpótí ẹrù. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìka mi ti ń di pádì náà mú ṣinṣin kí n tó mọ̀ pé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mo dé.

Wàhálà rẹ̀ ni pé fíìmù gígùn ló kún àwọn wákàtí àkọ́kọ́, àwọn èèyàn inú rẹ̀ sì ń sọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣàlàyé. Orí kẹta ló tó ṣí gidi, ó sì gbà mí bíi wákàtí mẹ́wàá kí n tó débẹ̀. Ní orí kẹta ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í la títì. Tí ẹ bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rí afárá àti àkàbà tí àwọn mìíràn tó ń gbá géèmù náà kọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹrù ti fẹ́ bì mí ṣubú lẹ́bàá àfonífojì kan, mo bá rí àkàbà tí ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí fi síbẹ̀. Mo dá nìkan wà nínú yàrá, mo sọ ọ́ sókè: ẹ ṣeun o.

Mo gbà yín nímọ̀ràn láti rà á tí ẹ bá fẹ́ràn ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀sọ̀ ṣe. Tó bá jẹ́ ìbọn lẹ fẹ́ máa yìn, ẹ fi sílẹ̀.

Méjì tó kù

The Witcher 3 kò ní gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilé iṣẹ́ CD Projekt Red ní Pólándì ló ṣe é, ó jáde ní oṣù karùn-ún 2015. Abúlé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní White Orchard ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ní kí Geralt, ẹni tí ẹ máa jẹ́, bá wọn pa ẹranko abàmì kan. Nínú iṣẹ́ kan yẹn, ẹ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọpa ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ará abúlé, bí wọ́n ṣe ń múra sílẹ̀ kí wọ́n tó kojú ìjà. Ohun tí ẹ máa ṣe títí dópin náà nìyẹn. Ẹ lè dín líle ìjà kù nígbàkígbà, ẹ sì lè fi ibi tí ẹ dé pamọ́ níbi púpọ̀ jù lọ tí ìjà kò bá sí. Fún ẹni tí kò gbá irú géèmù báyìí rí, òun ni kí ó kọ́kọ́ rà. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ Game of the Year tàbí Complete sí lára, torí àfikún ìtàn rẹ̀ méjèèjì wà nínú rẹ̀.

Persona 5 Royal ló ṣòro fún mi láti dá lẹ́jọ́. Jàpáánì ló ti wá, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwa yòókù ní oṣù kẹta 2020. Ọmọ kan tí wọ́n lé kúrò níléèwé rẹ̀ ló wá ń gbé lókè ilé kọfí kan ní Tokyo. Ọ̀rọ̀ kíkà ló pọ̀ jù nínú wákàtí márùn-ún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹ̀dá kan tó dà bí ológbò, Morgana, á máa ní kí ẹ lọ sùn, ẹ kò sì ní lè jáde lálẹ́ ọjọ́ náà, bó ti wù kí ó máa wù yín tó. Ó dà bí ìdínà lásán. Àmọ́ kàlẹ́ńdà ni ọkàn géèmù yìí: ọjọ́ kan lẹ ní, ohun kan tàbí méjì péré lẹ lè fi ṣe, ẹ kàwé ni àbí ẹ lọ kí ọ̀rẹ́. Àwọn alẹ́ tí Morgana tì yín mọ́lé wọ̀nyẹn ló kọ́ mi pé ọjọ́ níye lórí. Ṣùgbọ́n ó gùn jù bó ṣe yẹ lọ. Wákàtí méjì pére ì bá tó kọ́ mi. Tí kíkà Gẹ̀ẹ́sì bá máa ń rẹ̀ yín, tàbí tí ẹ kò bá ní wákàtí 100 láti fún géèmù kan, ẹ má ra èyí.

Kí ẹ lè mọ oríṣi kejì tí mo sọ, ẹ wo Final Fantasy XIII, tó jáde ní Jàpáánì lópin 2009. Kò jáde fún PS4, kò sí nínú mẹ́rin tí mò ń fi wéra. Orí 13 ló ní, orí 11 ni wọ́n sì tó jẹ́ kí ẹ rìn sọ́tùn-ún sósì lórí ilẹ̀ gbalasa. Títí di ìgbà náà, ọ̀nà tóóró kan ni, ẹ ń lọ síwájú, ẹ ń jà, ẹ ń wo fíìmù. Mo ní sùúrù fún un, mo dé orí 11, inú mi sì bà jẹ́, torí kò sí ohun tí ọ̀nà tóóró yẹn kọ́ mi tó yẹ kó gbà mí tó bẹ́ẹ̀. Irú rẹ̀ ni kí ẹ sá fún.

Iná, dátà àti CD

Ní ti iná, The Witcher 3 ló rọrùn jù. Death Stranding náà kò burú, ó máa ń pa ibi tí ẹ dé mọ́ fúnra rẹ̀ lóòrèkóòrè. Red Dead àti Persona ló lè fi yín ṣòfò, torí ìtàn Persona lè lọ jìnnà kó tó jẹ́ kí ẹ fi nǹkan pamọ́. Bí iná bá sì lọ mọ́ PS4 lójú, ó máa kọ́kọ́ yẹ ibi ìpamọ́ rẹ̀ wò tó bá tún tàn. Ẹ má pa á nígbà tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Red Dead fẹ́ àyè tó tó 100GB. Lórí PS4 tí àyè rẹ̀ jẹ́ 500GB, ìdá kan nínú márùn-ún nìyẹn, ẹ sì ronú iye dátà tó máa jẹ tí ẹ bá fẹ́ fà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. CD ni kí ẹ rà. Ẹ tún lè tà á, tàbí kí ẹ fi pààrọ̀, tó bá sú yín. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà gbá géèmù lè rí owó rẹ̀ gbà padà lórí Steam, ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, láàárín ọjọ́ 14, tí kò bá tíì gbá a tó wákàtí méjì. Ẹ rí i pé kò sí ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó tíì fi ojú rẹ̀ hàn ní wákàtí méjì, nítorí náà ẹ má gbójú lé ìyẹn.

Lọ́wọ́ ẹni tó ń ta tòkunbọ̀, ẹ tọrọ ọ̀sẹ̀ kan kó tó di pé àyè pààrọ̀ tì, kì í ṣe ọjọ́ méjì. Ẹni tó ta tèmi gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀yìn CD sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo bó ṣe ha sí. Tó bá sì jẹ́ Red Dead lẹ ń rà, ẹ ṣí páálí rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ rí i pé CD méjì ló wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ data sí lára lẹ máa fi kó o sínú ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n kọ play sí lẹ máa fi ṣeré. Ẹnì kan ra ẹyọ kan ṣoṣo dé Gánmọ̀ kó tó mọ̀, ìgbà tó sì padà dé ọ̀nà Táíwò, wọ́n ti tilẹ̀kùn.