Modẹ́ẹ̀mù 4G tí mo rà ní Adó: ẹ jẹ́ kí n rojọ́

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kọjá díẹ̀ ni modẹ́ẹ̀mù yìí dójú tì mí. Ọmọ iléèwé kan jókòó tì mí nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkẹ̀rẹ́, ibi tí mo ti ń bá wọn tẹ pírójẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ kí aago méjìlá tó lù. Fáìlì náà ò ju mẹ́gábáìtì 11 lọ. Ó gbéra, ó rìn díẹ̀, ó dúró gbagidi. Ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì wà lójú rẹ̀ o, iná rẹ̀ sì ń tàn. Fóònù ọmọ náà la padà fi rán an, lẹ́yìn tó ti gun ọ̀kadà lọ sí ìta gbangba. Ojú tì mí débi pé n ò gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ Ẹtì mo wọkọ̀ lọ sí Adó, mo gba Ìjìgbò lọ, sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á ní ₦32,000. N ò ní dárúkọ wọn. Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà ò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀.

“Mọ̀mí, dátà yín ló tán.”

Mo ní kò tán, gígábáìtì 14 ló ṣẹ́ kù. Ó ní kí n pa á, kí n tún un tàn. Mo ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó ní kí n kúkú ra tuntun. Èyí tí kò tíì pé oṣù méjì! (Mọ̀mí tó sì ń pè mí yẹn, bóyá ni mo fi ọdún márùn-ún jù ú lọ.) Mo bá fìdí kalẹ̀ sórí àga oníke wọn, mo ní àfi tí ọ̀gá bá dé. Ọ̀gá dé ní aago kan, ó kí mi dáadáa, ó ní “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n,” ó wá bi mí bóyá dátà mi ò tíì tán.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, tó ń tú ṣájà lẹ́yìn káńtà, ló gbórí sókè. “Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ máa ń gbé e sí?” Mo ní orí fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ẹ̀yìn. “Kí ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn?” Mo ní àpáta Olósùnta. Ó bú sẹ́rìn-ín. Inú mi kọ́kọ́ ru, àfi ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Ó ní kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ju òdo àti ọ̀kan lọ, òfuurufú ò sì mọ òdo tàbí ọ̀kan; ìgbì ló ń gbé. Modẹ́ẹ̀mù ló ń sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà di ìgbì, òun náà ló ń tú ìgbì tó bá ti orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé padà sí ọ̀rọ̀. Modulator àti demodulator ni wọ́n gé pọ̀ di orúkọ rẹ̀. Gángan nìyẹn kẹ̀! Onílù ò lanu, ọṣán ló ń fún mọ́ra, ohùn ń lọ sókè sódò, ẹni tó gbédè ìlù á sì tú u. Bí ariwo ọjà bá pọ̀, onílù kì í sáré, kí wọ́n má baà ṣì í gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni 4G: bí ìgbì bá mọ́, lílù kan lè gbé bíìtì 6 (òdo tàbí ọ̀kan kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní bíìtì), bí àpáta bá dí i, 2 péré ni. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo ti orí wáyà tẹlifóònù nígbà kan, igbe tó máa ń ké yẹn, modẹ́ẹ̀mù méjì ló ń bára wọn ṣàdéhùn bí wọn yóò ṣe sáré tó.)

Ó kọ 192.168.8.1, àdírẹ́sì ojú-ewé modẹ́ẹ̀mù náà, sínú bébà fún mi, ó ní kí n ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, kí n wá RSRP, òǹkà tó ń sọ bí agbára ìgbì tó ń wọlé ṣe tó. “Bó bá ṣe sún mọ́ òdo tó ló dáa tó.”

Lálẹ́ ọjọ́ náà, orí fíríìjì: −118. Ojú fèrèsé iwájú: −106. Mo fokùn so ó mọ́ irin fèrèsé lókè pátápátá: −95. Mo pariwo débi pé aládùúgbò wá wò mí! Òǹkà yìí kì í ṣe òǹkà ọjà o: gbogbo mẹ́wàá tó bá fi sún, agbára ìgbì di ìlọ́po mẹ́wàá. Ó ti tó ìlọ́po igba nìyẹn, n ò sì ná kọ́bọ̀. Mo tún fáìlì ọmọ yẹn rán, sí ara mi, kí n ṣáà fojú rí i. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ dáa, mo gbà. Bátìrì rẹ̀ ni kì í ju wákàtí mẹ́rin lọ, nígbà tí páálí pe mẹ́fà. Páálí tún kọ 150 gàdàgbà. Mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni, kì í ṣe mẹ́gábáìtì tí a fi ń wọn fáìlì; ẹ fi 8 pín in kẹ́ ẹ tó yọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé mo gbé iṣu méjì lọ fún ọmọbìnrin yẹn. Ọmọkùnrin orí káńtà wò mí, ó ní, “Mọ̀mí, ẹ ti ra dátà yẹn àbí?”

Ìràwọ̀ 2 nínú 5.