Ilé-ẹjọ́ Rangatahi ní New Zealand: ó dára, ṣùgbọ́n ìpàdé ẹbí ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó

Bí wọ́n bá ti ń gbọ́ pé ilé-ẹjọ́ kan wà fún àwọn ọmọ Māori, ìyẹn àwọn onílẹ̀ New Zealand, tí wọ́n ń pè ní Rangatahi (“ọ̀dọ́” ni ìtumọ̀ rẹ̀), èrò ọ̀pọ̀ ni pé òfin tiwọn ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Rárá o. Ilé-ẹjọ́ ọ̀dọ́ ti ìjọba náà ni, pẹ̀lú adájọ́ rẹ̀ àti ọlọ́pàá rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń jókòó ló yàtọ̀: marae, ìyẹn ojúde àjogúnbá àwọn Māori. Adájọ́ Heemi Taumaunu ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Gisborne ní 2008, marae tí wọ́n ti ń ṣe é sì ti lé ní mẹ́wàá.

Ọmọ tó bá ń jiyàn ẹ̀sùn kò ní dé ibẹ̀. Èyí tí kò jiyàn, ìpàdé ẹbí ló kàn fún un, òfin 1989 ló gbé e kalẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣètò rẹ̀ ní ọjọ́ 14 láti pe ìpàdé. Ọmọ, ẹbí, agbẹjọ́rò, ọlọ́pàá àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni wọ́n ń pè sí i. Wọ́n á fi ẹbí nìkan sílẹ̀ kí wọ́n gbìmọ̀, lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn á fẹnu kò sórí ètò kan: títọrọ àforíjì, owó ohun tó bà jẹ́, wákàtí iṣẹ́ ìlú, ilé-ìwé. Ibẹ̀ náà ni kí ẹbí ti sọ pé marae làwọn fẹ́.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Ṣíṣọ́ ètò yẹn ni olórí iṣẹ́ ilé-ẹjọ́ Rangatahi. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé “kí ó lọ gba ìtọ́jú oògùn olóró”, tí kò sí ọjọ́, tí kò sí orúkọ ibi tí yóò lọ, tí kò sí ẹni tí yóò gbé e lọ, ìjókòó méjì mẹ́ta á kọjá lórí “kò tíì sí àyè”. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n sábà máa ń jókòó, ẹ ṣírò rẹ̀.

Ọjọ́ ìjókòó fúnra rẹ̀ ló wù wá jù. Wọ́n á kọ́kọ́ kí àlejò wọlé pẹ̀lú pōwhiri, àwọn àgbà á sọ̀rọ̀, wọ́n á kọrin, adájọ́ àti ọmọ á fi imú kan imú. Tíì àti ìpápánu tẹ̀ lé e, kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ á dìde ka pepeha rẹ̀, oríkì orílẹ̀ tiwa ló jọ ọ́ jù: òkè, odò, ọkọ̀ ojú omi tó gbé àwọn baba ńlá dé, ẹ̀yà, agboolé, orúkọ tirẹ̀ sì kẹ́yìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú ìwé ni púpọ̀ nínú wọn ti ń kà á, ohùn wọn kò kọjá ọ̀fun. Bí ọmọ bá gbàgbé láti dárúkọ òkè rẹ̀, àgbà tó jókòó ti adájọ́ á rán an létí. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, ìwé á kúrò lọ́wọ́. Ní ilé-ẹjọ́ ìgboro, wọ́n pe orúkọ, ó parí. Níbí, àgbà tó mọ bàbá bàbá rẹ̀ lè wà níjòkòó, kò sì ṣeé ṣe fún un láti ṣe bí àjèjì.

Ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà lọ́wọ́ alágbàtọ́ lè má mọ ẹ̀yà rẹ̀ rárá. Ẹ bèèrè fún alágbàsọ tí kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ilé-ẹjọ́ ló ń yàn án, ẹbí kì í san kọ́bọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti ṣàlàyé ìdílé àti àṣà ọmọ náà fún adájọ́. (Ọmọ tí kì í ṣe Māori náà lè lọ, àwọn ọmọ erékùṣù Pásífíìkì sì ní tiwọn ní Auckland.)

Ẹni tó bá pe èyí ní àtúnṣe pátápátá ń pọ́n ọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó pẹ́ kó tó dé. Kí ọmọ tó rí marae, ọlọ́pàá ti fẹ̀sùn kàn án, wọ́n tilẹ̀ lè ti tì í mọ́lé. Àwọn Māori ló ju ìdajì lọ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbé dé ilé-ẹjọ́, marae kò sì lè dín iye yẹn kù láti ẹ̀yìn.

Bí ètò bá ti ń parí lọ, kí ẹbí bi agbẹjọ́rò léèrè bóyá abala 282 òfin 1989 náà ló fẹ́ tọrọ. Ìyẹn ni pé kí ó dà bí ẹni pé wọn kò fẹ̀sùn kan ọmọ náà rí. Lábẹ́ abala 283, kódà bí kò bá ju ìkìlọ̀ lásán lọ, ẹ̀sùn ti fìdí múlẹ̀ nìyẹn.