Thonny fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Python

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń ṣàlàyé recursion (kí function, ìyẹn ìpín kóòdù tó ní orúkọ, máa pe ara rẹ̀) fún àbúrò mi, tí kò yé e. Mo yà á sínú ìwé, mo fọwọ́ júwe rẹ̀, mo tún un sọ títí ó fi sú èmi fúnra mi. Ó ń mi orí lóòótọ́, àmọ́ mo rí i lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò wọlé. Ọjọ́ tí a jọ jókòó ti Thonny, ètò tí wọ́n fi ń kọ kóòdù Python, èdè tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ló tó yé e, kò sì gbà wá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Function kékeré tó ń ṣírò factorial (kéèyàn sọ gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé nọ́ńbà kan di púpọ̀ pọ̀) la kọ, a sì fún un ní 4. Mo ní kó tẹ Ctrl+F5 kí kóòdù náà lè máa lọ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, kó wá máa tẹ F7 ní ìkọ̀ọ̀kan. Bí function náà ṣe pe ara rẹ̀, fèrèsé kékeré kan yọ sókè, n inú tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fún un, sì jẹ́ 3. Òmíràn tún yọ, n di 2. Òmíràn tún yọ, n di 1. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń pa dé níkọ̀ọ̀kan, tí èyí tó bá fẹ́ lọ á fi èsì rẹ̀ lé èyí tó pè é lọ́wọ́: 1, 2, 6, 24. Àbúrò mi pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, àṣé ṣe ni wọ́n ń dúró de ara wọn!" Ohun tí mo ti ń wá bí màá ṣe sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn.

Yunifásítì Tartu ní orílẹ̀-èdè Estonia ni wọ́n ti ṣe Thonny, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Python ni wọ́n sì ṣe é fún. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ó gbé Python tirẹ̀ dání, torí náà tí ẹ bá ti fi sórí kọ̀ǹpútà tán, iṣẹ́ yá. Ẹni tó bá ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí PATH (àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí kọ̀ǹpútà á ti rí Python) dà láàmú látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí kò tíì kọ ìlà kan ṣoṣo, á mọ̀ pé oore ńlá nìyẹn.

Debugger rẹ̀, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń jẹ́ kéèyàn rí bí kóòdù ṣe ń lọ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, ni mo fẹ́ràn jù. Kì í kàn fo láti ìlà kan bọ́ sí èkejì. Tí ẹ bá kọ 3 * (2 + 4), tí ẹ sì ń tẹ F7, ẹ máa rí i tó kọ́kọ́ mú 2 + 4, tó sọ ọ́ di 6 níbẹ̀ gan-an, kó tó wá sọ gbogbo rẹ̀ di 18. Bí Python ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, lójú yín kòrókòró. Àmọ́ ó ń falẹ̀. Tí loop yín (kóòdù tó ń ṣe ohun kan náà léraléra) bá gùn, ẹ máa jókòó pẹ́. Èyí tí wọ́n pè ní "faster" wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n kì í tú ìṣirò palẹ̀ báyẹn, bẹ́ẹ̀ torí ìyẹn la ṣe wá.

Ẹni tó ń lo bọ́ọ̀dù kékeré bíi Raspberry Pi Pico tàbí ESP32 náà á gbádùn rẹ̀: ẹ yan MicroPython, Python tí wọ́n ṣe fún irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ lè tọ́jú fáìlì yín tààrà sórí bọ́ọ̀dù náà.

Ibi tó ti já mi kulẹ̀ ni ìgbà tí iṣẹ́ pọ̀ sí i. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò kan tó fi ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ìwé tó ti kà. Nígbà tó wà nínú fáìlì kan, kò sí wàhálà. Nígbà tó di fáìlì mọ́kànlá, ó fẹ́ yí orúkọ function kan pa dà, ṣe ló ń ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbàgbé méjì. Kò sí Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àyípadà kóòdù, nínú rẹ̀, àfi kéèyàn lọ máa tẹ àṣẹ níbòmíì. Python tó bá Thonny 4.1 wá, 3.10 ni; ẹ lè ní kó lo èyí tó tuntun jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú Tools, Options, Interpreter, ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ò lè mọ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ kóun lọ. Mo gba àbúrò mi nímọ̀ràn kó gbé iṣẹ́ náà lọ sínú editor (ètò tí wọ́n fi ń kọ kóòdù) tó tóbi ju Thonny lọ, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, list kan (àkójọ nǹkan nínú Python) nínú ètò rẹ̀ ń yí pa dà láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kàn án. Ó ti kọ b = a, ó rò pé òun ti ṣe ẹ̀dà. Kò pè mí rárá. Ó da ìlà méjìlá tó kàn án pọ̀ sínú Thonny, ó ṣí Heap, tó ń fi ibi tí nǹkan wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà hàn, látinú View, ó sì rí i pé àdírẹ́sì kan náà ló wà níwájú a àti b: list kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì.