Dnsmasq lẹ́nu iṣẹ́: bó ṣe ń pín àdírẹ́sì fún kọ̀ǹpútà wa ní Yàbá

Bí ẹ bá ní gbọ̀ngàn tó kún fún kọ̀ǹpútà ní Èkó, ìgbà tí iná bá dé lẹ máa tó mọ irú sáfà tí ẹ ní. Kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó pariwo "Up NEPA!" tán, gbogbo ẹ̀rọ ti jí lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn sì ń béèrè àdírẹ́sì, ìyẹn nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa fi dá wọn mọ̀.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Sábó, Yàbá, ni mò ń bójú tó. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ wa, Computer Village ní Ìkẹjà la ti rà wọ́n, ọ̀pọ̀ ni kò sì ní hard disk nínú. Orí wáyà ni wọ́n ti ń gba Linux tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní PXE. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, kò mọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀ ju nọ́ńbà MAC tó bá káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́. Á ké sórí wáyà pé kí ẹni tó bá wà níbẹ̀ fún òun ní àdírẹ́sì, kó sì júwe fáìlì tí òun máa fi dìde. Dnsmasq, ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan, ló ń dá wọn lóhùn lọ́dọ̀ tiwa. Mo ti lò ó pẹ́ tó láti sọ ibi tó dùn àti ibi tó korò.

Simon Kelley ló kọ ọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó kéré débi pé inú àwọn ráútà tó ń lo OpenWrt (ètò ọ̀fẹ́ kan fún ráútà) ló wà, ọ̀pọ̀ ẹni tó sì ń lò ó nílé ò mọ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe pọ̀: ó ń pín àdírẹ́sì (iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní DHCP), ó ń dáhùn ìbéèrè DNS (kí ni àdírẹ́sì orúkọ báyìí?), ó sì ń fi TFTP, ọ̀nà kan tó rọrùn, gbé fáìlì fún ẹ̀rọ tó fẹ́ dìde. Orí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tó ń lo Debian, irú Linux kan, la gbé e sí. Tìtorí bátìrì ni mo ṣe yan láptọ́ọ̀pù: iná lọ, òun ò kú, ó ti wà nílẹ̀ kí jẹnẹrétọ̀ tó gbóhùn sókè. Ìlà mẹ́rin tó láti fi bẹ̀rẹ̀:

dhcp-range=192.168.10.50,192.168.10.200,12h
dhcp-boot=pxelinux.0
enable-tftp
tftp-root=/srv/tftp

Ìlà àkọ́kọ́ ní kó máa pín láti 50 dé 200, ìyẹn àdírẹ́sì 151, kí ẹni tó bá gbà á lò ó fún wákàtí 12. Ẹ̀rọ kì í dúró dìgbà tí 12 bá pé o. Tó bá ti lo ìdajì rẹ̀ ló ti máa padà wá tọrọ àfikún. Kí ẹ tó tan án, ẹ tẹ dnsmasq --test. Bí ẹ bá ṣi nǹkan kọ, á sọ ìlà tó wà.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ jù ni pé kì í gbàgbé. Ó ń kọ ẹni tó fún ní àdírẹ́sì sínú fáìlì kan, /var/lib/misc/dnsmasq.leases lórí Debian, nítorí náà bí òun fúnra rẹ̀ bá kú tó sì jí, ó ṣì mọ ẹni tó ni kí ni. Ìyẹn nìkan kọ́. Nọ́ńbà MAC ẹ̀rọ náà ló fi ń ṣírò àdírẹ́sì tó máa fún un, torí náà bí wákàtí 12 bá tilẹ̀ ti kọjá, àdírẹ́sì àná lẹ̀rọ náà sábà máa ń gbà. Pẹ̀lú gbogbo bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ìbùkún ńlá nìyẹn fún ẹni tó ń wá ẹ̀rọ tó dákú nínú ọ̀pọ̀. Fún ìtẹ̀wé àti kọ̀ǹpútà olùkọ́, mo fi dhcp-host so àdírẹ́sì wọn mọ́ wọn lọ́rùn.

Èkejì ni àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi log-dhcp sí i, ẹ ó máa rí ìjíròrò náà: DHCPDISCOVER, ẹ̀rọ ń ké, DHCPOFFER, sáfà fi àdírẹ́sì lọ̀ ọ́, DHCPREQUEST, ẹ̀rọ ní òun gbà, DHCPACK, ó parí. Lọ́jọ́ kan ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi sáré wá, ó ní, "Ọ̀gá, ìlà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ò dìde o. PXE-E51 ni gbogbo wọn ń kọ." Ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó fi àdírẹ́sì lọ̀ wọ́n. Mo ní kó máa ka àkọsílẹ̀ sókè. Kò sí DHCPDISCOVER kan ṣoṣo láti ìlà yẹn. A jẹ́ pé igbe wọn ò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ sáfà, kò sì sí ohun tí a fẹ́ wá nínú dnsmasq. Switch (àpótí tó so wáyà àwọn ẹ̀rọ pọ̀) tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sí ìlà náà ni: spanning tree, ètò inú rẹ̀ tó ń ṣọ́ kí wáyà má yí po, ń dá ojú ihò kọ̀ọ̀kan dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kó tó ṣí i, ẹ̀rọ sì ti ké títí, ó ti sọ̀rètí nù. A ní kó máa ṣí ojú ihò àwọn kọ̀ǹpútà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Bó bá jẹ́ PXE-E53 ni, àdírẹ́sì ti dé, orúkọ fáìlì ni kò bá a wá. PXE-E32 sì rèé, TFTP ni kò dáhùn. Ẹ lọ wo firewall àti port 69, ẹnu ọ̀nà tí TFTP ń gbà.

Ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá da ẹ̀rọ BIOS (ètò ìdìde àtijọ́) pọ̀ mọ́ ti UEFI (ètò ìdìde tuntun), bí tòkunbọ̀ ṣe sábà máa ń rí. pxelinux.0, fáìlì ìdìde tó wà nínú ìlà kejì lókè, ò wúlò fún UEFI. Dnsmasq lè fi dhcp-match wo irú ẹ̀rọ tó ń béèrè (7 ni UEFI x64), kó sì fún oníkálukú ní fáìlì tirẹ̀. TFTP fúnra rẹ̀ ń wọ́ bí ìgbín, torí díẹ̀díẹ̀ ló ń gbé fáìlì, á sì máa dúró gbọ́ èsì lórí ìdì kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó fún wọn ní iPXE (ètò ìdìde kékeré kan tó mọ HTTP) nìkan, kí iPXE wá fi HTTP gba ìyókù. Ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn kedere láàárọ̀ Mọ́ńdè tí gbọ̀ngàn bá kún.

Ibi tó korò wá ńkọ́? Kò ní igbákejì. Dnsmasq méjì ò lè jọ pín ìwé àkọsílẹ̀ àdírẹ́sì kan náà lò kí ọ̀kan gbapò bí èkejì bá kú. Ẹ ó pín àdírẹ́sì sí méjì fún wọn ni. Bí ẹ bá tún fáìlì dnsmasq.conf ṣe, SIGHUP (àmì tí wọ́n sábà máa ń fi ní kí ètò tún fáìlì rẹ̀ kà) ò ní mú kó tún un kà, àfi kí ẹ pa á, kí ẹ tún un tan. Lórí Ubuntu, ó lè bá systemd-resolved, ètò DNS ti Ubuntu fúnra rẹ̀, jà lórí port 53; bí ẹ ò bá nílò DNS rẹ̀, port=0 á parí ìjà. Fóònù tó ń pa nọ́ńbà MAC rẹ̀ dà sì ń jẹ àdírẹ́sì tán, títí àkọsílẹ̀ á fi máa kọ "no address available". Mo yà wọ́n sọ́tọ̀, mo fún wọn ní wákàtí kan péré.

Kò sì lè gbà yín lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé ráútà láti ilé wá, tó so ó mọ́ wáyà yín. Ráútà yẹn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pín àdírẹ́sì tirẹ̀, ẹ̀rọ sì sábà máa ń gba ti ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn. Switch tó ní DHCP snooping (ìṣọ́ tó ń dí ìdáhùn sáfà àjèjì) ló lè tọ́jú ìyẹn, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Kí n tó yan dnsmasq, mo wo dhcpd, sáfà àdírẹ́sì tí àjọ ISC ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n ti dáwọ́ dúró lórí rẹ̀ ní 2022. Kea ni wọ́n ní ká lọ lò. Kea ní igbákejì, ó lè kó ìwé rẹ̀ sínú àpamọ́ dátà bíi MySQL tàbí PostgreSQL, báńkì tó ní ẹ̀ka káàkiri Marina lè nílò ìyẹn. Fún gbọ̀ngàn kan, JSON tí wọ́n fi ń kọ fáìlì ìtò rẹ̀ ti pọ̀ jù fún mi.

Ẹ má máa lo ẹ̀dà dnsmasq àtijọ́ o. Ní 2017, àwọn ará Google rí ihò ààbò méje nínú rẹ̀, ẹ̀dà 2.78 ló dí i. Ní 2021, àwọn ará ilé iṣẹ́ JSOF tún rí méje míì tí wọ́n pè ní DNSpooq, ó di 2.83. Ẹ fi interface= sọ ojú wáyà tó yẹ kó máa gbọ́ fún un, kó má baà máa dá ará ìta lóhùn.