SQLite: ọ̀nà wo ni ìbéèrè SQL fi ń yá jù?

SQLite, dátábéèsì (ètò tó ń tọ́jú dátà) tí D. Richard Hipp kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 2000, kò rí bíi PostgreSQL tàbí MySQL, àwọn dátábéèsì tí ń dá dúró lórí sáfà. Inú áàpù tó ń lò ó gan-an ló ń gbé, gbogbo dátà rẹ̀ sì wà nínú fáìlì kan ṣoṣo. Ibùgbé rẹ̀ yìí ló ń pinnu ọ̀nà tó yẹ ká gbà bi í ní ìbéèrè pẹ̀lú SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀.

Ẹ wo áàpù kan tó fẹ́ to ọgọ́rùn-ún ìwé pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ wọ́n. Bí ó bá kọ́kọ́ béèrè fún àwọn ìwé náà, tí ó tún wá ń béèrè fún òǹkọ̀wé ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ìbéèrè 101 ni yóò gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ sọ́dọ̀ PostgreSQL, àkókò tí wọn yóò lò lójú ọ̀nà sì lè pọ̀ ju èyí tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbà lọ. Níbẹ̀, JOIN kan ṣoṣo, ìyẹn ìbéèrè tó ń kó ìwé àti òǹkọ̀wé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ló tọ́. Ní ti SQLite, kò sí ìrìnàjò kankan, nítorí náà ìbéèrè kéékèèké tó pọ̀ kì í dá a lágara. Àwọn tó ṣe é pàápàá kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ṣì fara mọ́ JOIN níbi tó bá ti mú kí kóòdù rọrùn láti kà, ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí a ó fi lọ́ kóòdù tó já gaara pọ̀ nítorí ìyára tí kò ní tó nǹkan.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé SQLite ń falẹ̀ bí a bá ń kọ dátà sínú rẹ̀, ẹ̀sùn náà kò sì tọ́ sí i. INSERT (àṣẹ tó ń fi ìlà tuntun kún dátà) tí a kò bá fi sáàárín BEGIN àti COMMIT, tó ń bẹ̀rẹ̀ transaction (àkójọ iṣẹ́ tí a ń parí pọ̀) tó sì ń parí rẹ̀, jẹ́ transaction tirẹ̀, SQLite yóò sì dúró títí dátà náà yóò fi wọ orí dísìkì kí ó tó kan òmíràn. Ìwé àlàyé SQLite sọ pé ó lè gba INSERT 50,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n lórí dísìkì tó ń yí ní ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, nǹkan bí 60 transaction péré ló lè parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Ẹni tó bá kó wọn pọ̀ sínú transaction kan yóò rí ìyàtọ̀ ńlá, kò sì ní nílò láti fi synchronous, ètò tó ń mú SQLite dúró de dísìkì, sí OFF, èyí tó lè ba dátábéèsì jẹ́ bí iná bá lọ lójijì.

Ní ti prepared statement, kí gbogbo áàpù lò ó, ibi yòówù kí dátábéèsì rẹ̀ wà: ẹ̀ẹ̀kan ni a ó pèsè ìbéèrè sílẹ̀, tí a ó sì máa pààrọ̀ iye inú rẹ̀, oníṣẹ́ ibi kò sì ní ráyè ki àṣẹ SQL tirẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ohun tó wù mí jù ni EXPLAIN QUERY PLAN, àṣẹ tó ń fi ọ̀nà tí SQLite yóò gbà dáhùn ìbéèrè hàn, nítorí èsì rẹ̀ kò ṣòro kà. SCAN ń sọ pé gbogbo ìlà ni yóò yẹ̀ wò. SEARCH ń sọ pé yóò lo atọ́ka (index, àkọsílẹ̀ tó ń tọ́ka sí ibi tí ìlà wà) láti lọ tààrà síbi tó ń wá. Níbẹ̀ ni a ti ń rí i pé WHERE (apá ìbéèrè tó ń yan ìlà) tó fi lower(), tó ń sọ lẹ́tà di kékeré, bo òpó (column) kan kò lè lo atọ́ka lásán tó wà lórí òpó náà. Síbẹ̀, kí a má ṣe to atọ́ka jọ láìnídìí, nítorí gbogbo wọn ni INSERT yóò máa tún ṣe.

Àléébù rẹ̀ tó lágbára ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè kọ dátà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. WAL (Write-Ahead Logging), ọ̀nà tó ń kọ́kọ́ kọ àyípadà sínú fáìlì mìíràn, tó dé ní ọdún 2010, jẹ́ kí àwọn tó ń kà máa kà lọ nígbà tí ẹnì kan ń kọ, ṣùgbọ́n ẹni kejì tó fẹ́ kọ dátà ṣì gbọ́dọ̀ dúró, WAL kì í sì í ṣiṣẹ́ lórí fáìlì tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ń pín lò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí iṣẹ́ bá ti dé ibẹ̀, PostgreSQL ni mo gbà níyànjú, pẹ̀lú PgBouncer, irinṣẹ́ tó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ áàpù pín àsopọ̀ díẹ̀ lò, níwájú rẹ̀ bí àsopọ̀ (connection) bá pọ̀, nítorí process kan (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ lórí kọ̀ǹpútà) ni PostgreSQL ń dá sílẹ̀ fún àsopọ̀ kọ̀ọ̀kan.