Àpótí owó ìṣeré tí mo fi ń kọ́ ọmọ mi ní ìṣirò owó

Ọmọ mi obìnrin wà ní ọdún kejì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún tí ìlànà ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Íńgílándì ní kí ọmọ mọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí a lè gbà to ẹyọ owó pọ̀ tí iye wọn yóò fi jẹ́ ọ̀kan náà. Èyí ni mo ṣe ra àpótí owó ìṣeré kan tí a fi ike ṣe, tí káàdì ìbéèrè wà nínú rẹ̀, a sì ti ń lò ó láti oṣù méjì sẹ́yìn.

Ohun tí ó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe é kò yí ìrísí owó padà. Owó onírin ilẹ̀ yìí máa ń rú ọmọdé lójú, nítorí ẹyọ pẹ́ńsì méjì fẹ̀ ju ẹyọ pẹ́ńsì mẹ́wàá lọ, ẹyọ pẹ́ńsì márùn-ún sì kéré sí ẹyọ pẹ́ńsì kan. Nínú àpótí yìí, títóbi ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti owó gidi mu. Ogún pẹ́ńsì àti àádọ́ta pẹ́ńsì jẹ́ onígun méje, pọ́ùn kan sì jẹ́ onígun méjìlá bí èyí tí a ń ná láti ọdún 2017. Nígbà tí mo fún un ní owó gidi pé kí ó fi ra búrẹ́dì, kò ṣì í rárá.

Àwọn káàdì rẹ̀ ni n kò lè gbóríyìn fún. Iye owó wà níwájú káàdì, ìdáhùn wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìdáhùn kan ṣoṣo ni. Ọmọ mi to ẹyọ pẹ́ńsì méjì márùn-ún fún pẹ́ńsì mẹ́wàá, ó yí káàdì padà, ó rí ẹyọ pẹ́ńsì márùn-ún méjì, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì bí ẹni tó kùnà. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà 11 ni ó wà: ẹyọ pẹ́ńsì mẹ́wàá fúnra rẹ̀, márùn-ún méjì, márùn-ún kan, tí a lè fi ẹyọ pẹ́ńsì méjì àti ẹyọ pẹ́ńsì kan pé ìyókù rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta, àti mẹ́fà tí márùn-ún kò sí nínú wọn rárá. Mo ní kí ó kọ́kọ́ mú márùn-ún dání, kí ó wá máa dín ẹyọ pẹ́ńsì méjì kù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà fo ìkankan tàbí kí ó ka ìkan lẹ́ẹ̀mejì. Ó rí gbogbo wọn.

Ẹyọ pẹ́ńsì kan tó wà nínú àpótí náà kò ju mẹ́fà lọ, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni a nílò jù. Owó gidi ni mo fi kún un.

Ìyá mi tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta jókòó tì wá ní ọjọ́ kan, ó sì sọ fún ọmọ náà pé kí náírà tó dé ní 1973, kọ́bọ̀ méjìlá ni ṣílè kan, àti pé ẹni tó bá ní sísì (kọ́bọ̀ mẹ́fà) àti tọ́rọ́ (kọ́bọ̀ mẹ́ta) nìkan lè san ṣílè ní ọ̀nà mẹ́ta: sísì méjì, tọ́rọ́ mẹ́rin, tàbí sísì kan pẹ̀lú tọ́rọ́ méjì. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ti ń bi mí léèrè tọ́rọ́.

Màá ra àpótí yìí fún ọmọ àbúrò mi. Ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ lẹ bébà funfun mọ́ ẹ̀yìn káàdì kọ̀ọ̀kan, bí mo ti ṣe sí tiwa, kí ọmọ lè máa kọ ọ̀nà tí ó bá rí síbẹ̀. Ọ̀nà 41 ni ogún pẹ́ńsì ní, n kò sì tíì sọ fún ọmọ mi. Ó ti kọ 26.