Sáílẹ́ńsà Camry 1999 mi: ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jó o kí n tó pààrọ̀ rẹ̀

Ọkọ̀ Toyota Camry ọdún 1999 ni mo ń wà ní Òṣogbo. Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, ariwo kan bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ tó fi jẹ́ pé àwọn ará àdúgbò mi ní Ayétòrò máa ń mọ̀ pé mo ti ń bọ̀ kí n tó yà sí òpópónà wa. Mẹkáníìkì mi ní kí n yọ gbogbo ẹ́sọ́ọ̀sì, ìyẹn páìpù tó ń gbé èéfín jáde, dànù, kí n ra odindi; jórinjórin ní kò le tó bẹ́ẹ̀, pé iná díẹ̀ ni yóò parí rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jàre lápá kan, tí wọ́n sì jẹ̀bi lápá kan. Iṣẹ́ àtúnṣe tí mo sanwó fún àti sáílẹ́ńsà (àgbá ara ẹ́sọ́ọ̀sì tó ń pa ariwo) tòkunbọ̀ tí mo padà rà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ba ẹ́sọ́ọ̀sì náà jẹ́, nítorí òun ló jẹ́ kí n mọ ibi tí àtúnṣe lè bá a dé. Bí epo bẹntiróòlù bá ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, omi wà lára ohun tó ń tibẹ̀ jáde; lítà epo kan a máa mú omi tó tó nǹkan bíi lítà kan wá. Oru lásán ni omi yìí máa ń jẹ́ nígbà tí gbogbo páìpù bá ti gbóná dáadáa, yóò sì bá ẹnu ẹ́sọ́ọ̀sì jáde lọ. Ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ mi ní Òkè-Fìà kò jìnnà sílé, mo sì ti máa ń pa ọkọ̀ kí sáílẹ́ńsà tó wà lẹ́yìn pátápátá tó gbóná. Omi náà yóò wá dúró sínú rẹ̀, yóò dà pọ̀ mọ́ ásíìdì inú èéfín, yóò sì máa jẹ irin láti inú bọ̀ síta. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ná Ìbàdàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ dàgbà ju tèmi lọ, síbẹ̀ sáílẹ́ńsà tó bá a wá ló ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

Gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ ni mo kọ́kọ́ lò, náírà 3,500. Ooru ṣí i kúrò kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, mi ò sì ní ohun mìíràn láti sọ nípa rẹ̀.

Jórinjórin tí mo lọ bá lẹ́yìn náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì yẹ kí n yìn ín. Kò jó o lábẹ́ ọkọ̀, nítorí táǹkì epo kò jìnnà síbẹ̀; ṣe ló tú sáílẹ́ńsà náà sílẹ̀. Iná gáàsì ló lò, kì í ṣe ti ẹ̀lẹ́ntíríìkì, nítorí pé irin tó ti fẹ́lẹ́ máa ń lu síwájú sí i bí iná ẹ̀lẹ́ntíríìkì bá kàn án. Nígbà tí ó sì di dandan kó fi ẹ̀lẹ́ntíríìkì kan ìkọ́ kan mọ́ ara ọkọ̀, ó kọ́kọ́ yọ orí bátìrì kí iná má baà ba ọpọlọ ọkọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà rẹ̀, jẹ́. Náírà 8,000 ni mo san. Oṣù méjì péré ló gbà kí ihò mìíràn tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú àpá náà, mo sì tún san 12,000. Lọ́jọ́ kejì yìí ló sọ òótọ́ fún mi pé, “Alàgbà, irin yìí ti di bébà o. Tí mo bá jó ibí, ọ̀hún á lù.” Ó yẹ kó ti sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n èmi náà ni mi ò bi í.

Ohun tó yí èrò mi padà kì í ṣe ariwo. Ìyàwó mi, tó ń tajà ní ọjà Ìgbọ̀nà, ṣàkíyèsí pé orí máa ń fọ́ òun ní gbogbo ìgbà tí a bá pẹ́ nínú sún-kẹrẹ ọ̀nà Ọláìyá, tí yóò sì dẹwọ́ bí òun bá ti sọ̀ kalẹ̀. Carbon monoxide wà nínú èéfín ọkọ̀. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, ó sì máa ń gba àyè tí ó yẹ kí ọ́síjìn gbà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Lọ́jọ́ kejì ni mo gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì mi, bàbá àgbà kan tí kì í kánjú. Ó ní kí ọmọṣẹ́ òun fi àkísà tútù dí ẹnu ẹ́sọ́ọ̀sì fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tí kò sì tíì gbóná. Iwájú ni a ti gbọ́ “ṣìì”, níbi tí páìpù àkọ́kọ́ ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, tí gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ohun pẹlẹbẹ tó ń dí ojú ìsopọ̀, ti jó tán. Ibẹ̀ ni èéfín ń gbà wọ inú ọkọ̀ láti ojú ihò atẹ́gùn, gbogbo owó tí mo sì ti ń ná, ẹ̀yìn ni mo ń ná an sí. Jíjò náà tún wà ṣáájú sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, èyí tó ń wo ọ́síjìn inú èéfín kí ọkọ̀ lè mọ ìwọ̀n epo tí yóò lò. Atẹ́gùn tó ń gba ibẹ̀ wọlé ń tan sẹ́ńsọ̀ jẹ pé epo kò tó, ọkọ̀ sì ń mu epo kún un. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun àti bóòtù méjì, pẹ̀lú owó iṣẹ́, kò ju náírà 7,000 lọ. Orí ìyàwó mi kò fọ́ mọ́.

Páìpù iwájú àti ti àárín ṣì nípọn. Bí a bá fi sípánà kàn wọ́n, wọ́n ń dún gan-an, nígbà tí sáílẹ́ńsà ẹ̀yìn ń dún bíi páálí tó ti rin. Òun nìkan ni mo wá pinnu láti pààrọ̀. Èyí tí àwọn jórinjórin ń fi páànù rọ fúnra wọn kò wọ́n, ṣùgbọ́n páìpù kan péré ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, kò ní àwọn yàrá àti ihò wẹ́wẹ́ tó ń pa ariwo. Tuntun wọ́n ju agbára mi lọ. Mo gba Gate lọ ní Ìbàdàn, mo sì ra tòkunbọ̀ ní náírà 45,000.

Ẹ má ṣe ra tòkunbọ̀ láìgbé e mì. Mẹ́ta ni wọ́n gbé fún mi kí n tó mú ọ̀kan: àkọ́kọ́ ń dún wọ̀jọ̀wọ̀jọ̀ nínú, èkejì ti dípẹtà bí ohun tí wọ́n hú nílẹ̀. Àwọn apá ibì kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà a sì máa jẹ abẹ́ ọkọ̀, nítorí náà “tòkunbọ̀” nìkan kò tó ẹ̀rí pé ọjà dára. Ẹnìkan níbẹ̀ tún fẹ́ fún mi lówó kí n jẹ́ kó yọ katalísì mi, ìyẹn apá ẹ́sọ́ọ̀sì tó ń dín oró èéfín kù, ó ní ọkọ̀ á túbọ̀ yá. Platinum, palladium àti rhodium tó wà nínú rẹ̀ ló ń wá, kì í ṣe ìrọ̀rùn ọkọ̀ mi. Mo kọ̀.

Oṣù méje nìyí tí sáílẹ́ńsà náà ti wà lábẹ́ ọkọ̀, kò tíì dún. Bí mo bá kó owó gọ́ọ̀mù àti ti jíjó méjèèjì pọ̀, 23,500 ni, ó ju ìdajì owó tòkunbọ̀ lọ, kò sì sí èyí tó kù nínú rẹ̀. Mi ò kábàámọ̀ pé mi ò ra odindi bí mẹkáníìkì ṣe fẹ́. Ní báyìí, mo máa ń gba ọ̀nà Gbọ̀ngán jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí abẹ́ ọkọ̀ lè gbóná dáadáa. Ihò kékeré kan wà nísàlẹ̀ sáílẹ́ńsà náà tí àwọn tó ṣe é dá sí i kí omi lè máa sun jáde. Jórinjórin rò pé ó lu ni, ó ti múná dání láti dí i lọ́jọ́ tí ó ń gbé e sí i, èmi ni mo dá a dúró. Láàárọ̀, bí mo bá ti ṣíná, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ wo ibẹ̀: omi ń kán tó, tó, tó sílẹ̀.